Èmi Adájọ́ Àwọ̀ Mọ́tò

Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ìyàwó mi ni àwọn òbí rẹ̀ ti ń fa ọ̀rọ̀ kan náà. Bàbá ní pupa ni mọ́tò tí àwọn kọ́kọ́ rà. Màmá ní rárá o, búlúù ni. Kì í di ìjà. Ó kàn wà níbẹ̀ bí aago ara ògiri, á dákẹ́ díẹ̀, á tún dún.

Lọ́jọ́ kan ni Bàbá tú àpótí àtijọ́, wọ́n fa róòlù fíìmù kan yọ tí wọn ò fọ̀ láti ọdún 1979. Kodachrome 64 ni, irú fíìmù kan tó ń gbé àwòrán aláwọ̀ jáde, wọ́n sì fi bírò kọ "mọ́tò wa" sára agolo rẹ̀. Wọ́n nà án sí mi: "Ṣebí ìwọ lo máa ń gbé kámẹ́rà kiri. Fọ̀ ọ́, ká rí òdodo."

Ẹni tó bá mọ fíìmù á ti máa rẹ́rìn-ín báyìí. Kodak mú Kodachrome jáde lọ́dún 1935, wọ́n sì dá a dúró ní 2009. Ibi kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù láyé tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ wà ní ìlú Parsons ní Kansas, l'Amẹ́ríkà, àwọn náà sì ṣíwọ́ gbígba róòlù ní òpin 2010. Kò sí àwọ̀ nínú fíìmù yẹn fúnra rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ń fọ̀ ọ́ ni wọ́n ń fi àwọ̀ sí i. Kẹ́míkà tó ń fún un ní àwọ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ohun tó kù fún irú wa ni ká fi kẹ́míkà fíìmù dúdú àti funfun fọ̀ ọ́, torí fàdákà inú rẹ̀ ṣì lè gbé àwòrán jáde.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀. Mo tiẹ̀ dúró ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹjọ́ parí.

Mo ra HC-110, kẹ́míkà fíìmù dúdú àti funfun kan, torí kì í jẹ́ kí fíìmù tó ti gbó ṣe kùrukùru jù. Mo wọn omi títí ó fi wà ní 20°C géérégé. Mo ti ara mi mọ́ balùwẹ̀, mo fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn, mo wé fíìmù sínú tánkì nínú òkùnkùn biribiri.

Ẹ̀yìn fíìmù ni mi ò rántí. Wọ́n fi èédú kan tí wọ́n ń pè ní remjet kun ẹ̀yìn Kodachrome, kí ìmọ́lẹ̀ má baà ta padà sínú àwòrán. Omi oní-sódà ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́ kó lè bó. Èmi ò rẹ nǹkan kan. Nígbà tí mo ṣí tánkì, nǹkan dúdú bí ìdí ìkòkò ni mo bá níbẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án, dúdú bá mi lọ́wọ́. Mo họ imú, mo fọwọ́ ti ògiri, mo wá fa táwẹ́ẹ̀lì funfun ìyàwó mi lára ìkọ́, mo fi nu fíìmù. Táwẹ́ẹ̀lì yẹn... ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ìyàwó mi kan ilẹ̀kùn, mo ṣí i. Ó wo ojú mi, ó wo ògiri, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé láìsọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n àwòrán wà níbẹ̀! Nínú mẹ́rìndínlógójì, mẹ́sàn-án hàn. Gbogbo nẹ́gẹ́tíìfù náà rí bí ewé gbígbẹ, torí fàdákà aláwọ̀ yẹ́lò kan wà láàárín fíìmù náà tí kẹ́míkà dúdú àti funfun kì í yọ. Bí ẹni pé yẹ́lò náà fẹ́ bá wọn dá sí ẹjọ́ mọ́tò. Mo fi kọ̀ǹpútà lé e lọ, mo tẹ àwòrán jáde, mo gbàyà lọ bá wọn.

Mọ́tò náà hàn kedere. Màmá fara ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ọmọge pọ́ńbélé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mọ́tò ọ̀hún sì rí bí eérú.

Gbogbo ilé dákẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti wá rántí iṣẹ́ tí wọ́n rán mi.

Bàbá ló kọ́kọ́ nàka sí i: "Ṣé o ti wá rí i? Pupa."

Màmá nàka síbì kan náà gan-an: "Búlúù tí mo ń wí fún yín rèé." Wọ́n wá bọ́ awò ojú wọn, wọ́n kọjú sí mi. "Àna mi, fíìmù la ní kí ẹ fọ̀. Ẹ ti fọ̀ ọ́ títí ó fi ṣí."