Ọdún 2025: Ọdún Tí Màmá Pé Àádọ́rin

Bí ẹ bá bi mí pé kí la ṣe nínú oṣù kẹrin ọdún yìí, mi ò ní lè sọ. Iṣẹ́ ni, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ìbejì ni, bọ́ọ̀sì òwúrọ̀ ní Woolwich, nílùú Lọ́ńdọ̀nù níbí, ni. Ó ti lọ. Ohun tó kù sí mi lọ́kàn nínú ọdún 2025 ni ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo, ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ, nílùú Ìjẹ̀bú-Òde, tí Màmá pé ẹni àádọ́rin ọdún. Oṣù méje tó ṣáájú, ìpalẹ̀mọ́ ọjọ́ yẹn la fi ṣe. Èyí tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ yẹn la ṣì ń sọ. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ kó ṣojú wa.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá wa bọ̀ látẹ̀yìn mọ Màmá, ẹ mọ Bàbá Ìbejì, ẹ sì mọ bí ọdún tó kọjá ṣe rí fún wa. Mi ò ní tún un sọ. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni kí n kó ohun tí ọdún yìí kọ́ wa jọ, pẹ̀lú iye àti òṣùwọ̀n rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ yín ló ti bi wá léèrè, tí àríyá tiyín náà sì ń bọ̀ lọ́nà.

Aṣọ ẹbí la fi bẹ̀rẹ̀, nínú oṣù kejì. Oṣù mẹ́fà kò pọ̀ jù. Yáàdì 5 léèsì ló ń tó obìnrin fún ìró àti bùbá. Ọkùnrin tó fẹ́ dá agbádá pẹ̀lú bùbá àti ṣòkòtò á gba yáàdì 10. Tí ẹ bá ti ka orí tán, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e, kí ẹ sì ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nínú ẹrù kan náà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀. Aṣọ tí wọ́n rẹ lóṣù yìí àti èyí tí wọ́n rẹ lóṣù tó ń bọ̀ kì í pọ́n bákan náà, bí nọ́ńbà àwọ̀ wọn tilẹ̀ jọra. Lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù, ojú ò lè rí i. Ẹ jẹ́ kí ẹbí jókòó sínú oòrùn kí wọ́n ya fọ́tò, á hàn pé apá kan ẹbí wọ aṣọ mìíràn. Fún ìdí yìí kan náà, ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ gbé gèlè àti fìlà wá bá aṣọ, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ wà. Kí ẹ sì gba owó kí ẹ tó gé aṣọ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbọ́n.

Màmá fúnra rẹ̀ kò fẹ́ léèsì. Ó ní agbádá sányán Bàbá ni kí wọ́n tú, kí wọ́n fi ṣe ìborùn fún òun. Sányán gidi ni, èyí tí wọ́n ran òwú rẹ̀ láti ara ìtẹ́ kòkòrò inú igbó, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí iyanrìn etí odò. Nígbà tí wọ́n ṣí àpótí, aṣọ náà ti já ní ojú ìṣẹ́po. Ohun tó fà á ni pé ojú kan náà ni wọ́n ń ṣẹ́ ẹ po sí láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Òwú àtijọ́ a máa gan. Bí ojú ìṣẹ́po kò bá yí padà, ibẹ̀ ló máa gé sí.

Àtúnṣe rẹ̀ ṣeé ṣe, torí aṣọ òkè kì í ṣe aṣọ ẹlẹ́yọ kan. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí fífẹ̀ rẹ̀ tó íǹṣì 4 ni wọ́n rán pọ̀ mọ́ra. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á fi abẹ́ tú ojú rírán láàárín àwọn ọ̀já náà, á yọ èyí tó ti já, á sì tún àwọn tó ṣì le rán pọ̀. Ọ̀já mẹ́fà ló yè nínú tiwa. Íǹṣì 24 nìyẹn, ó tó fífẹ̀ ìborùn gan-an. Láti ìsinsìnyí lọ, a ò ní ṣẹ́ ẹ po mọ́. A wé e mọ́ páìpù páálí gígùn tí àwọn aláṣọ máa ń dà nù, a fi tẹ́rù funfun bò ó. Ẹ má fi ọ̀rá dì í, torí ọ̀rinrin tó bá há sínú ọ̀rá á mú kó bu. Ẹ fi aṣọ di káńfọ̀ kí ẹ tó fi sí i, kó má kan òwú. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, ẹ nà án sábẹ́ ibòji fún wákàtí díẹ̀. Omi kò gbọ́dọ̀ kàn án.

Òórùn lọ́fínńdà Bàbá ṣì wà ní ọrùn agbádá náà. Màmá ní kí wọ́n má ṣe gé ibẹ̀. Ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ìrìn àjò.

Ìwé ni àkọ́kọ́. Tí àwọn ọmọ yín bá ní ìwé ìrìnnà Bìrìtìkó nìkan, wọ́n nílò físà kí wọ́n tó lè wọ Nàìjíríà, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni físà náà wà láti ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún ọdún yìí. Fọ́ọ̀mù ìwọ̀lú tí a máa ń kọ nínú ọkọ̀ òfurufú náà ti bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ ọ́ nílé, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kò gbọ́dọ̀ dín ní ọjọ́ 10 ṣáájú ìrìn àjò, àmọ́ ẹni tó bá ti gbà á rí kò ní láti tún un gbà. Láti 2016 ni káàdì ofeefee náà ti di ti gbogbo ọjọ́ ayé.

Ọ̀rọ̀ ibà ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ara tó ti kúrò nílé fún ọdún púpọ̀ kò ní agbára tó ní tẹ́lẹ̀ mọ́ láti bá ibà jà, àwọn ọmọ tí a bí síbí kò tilẹ̀ ní in rí. Ẹni tó bá ń lo oògùn ìdènà ibà tó ń jẹ́ atovaquone-proguanil, ọjọ́ kan tàbí méjì kó tó gbéra ni kó bẹ̀rẹ̀, lójoojúmọ́ pẹ̀lú oúnjẹ tàbí mílíìkì, kó sì máa lò ó lọ fún ọjọ́ 7 lẹ́yìn tó bá padà dé. Ọjọ́ méje yìí ni wọ́n ń fò. Wọ́n á bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú, wọ́n á ju oògùn sínú dúrọ́ọ̀. Bẹ́ẹ̀ kòkòrò ibà tí ẹ̀fọn gbé wọlé lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń dágbére lè ṣì wà nínú ẹ̀dọ̀ kó tó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Doxycycline, oògùn ìdènà ibà mìíràn, ní tirẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni lẹ́yìn ìpadàbọ̀. Bí ọmọdé bá ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń mọ iye atovaquone-proguanil tó yẹ kó lò, kì í ṣe ọjọ́ orí.

Nípa ẹrù, ẹ ra òṣùwọ̀n tí a ń fi ọwọ́ gbé rọ̀, kó sì bá yín lọ bọ̀, torí àlọ nìkan kọ́ ni ẹrù ń wúwo. Páwà báǹkì, inú báàgì ọwọ́ ló ń wà. Ẹ wo nọ́ńbà ara rẹ̀: mAh 20,000 ní fóòtì 3.7 jẹ́ Wh 74 (Wh ni ìwọ̀n agbára iná tó wà nínú rẹ̀), wọ́n sì yọ̀ọ̀da rẹ̀, torí Wh 100 ni ibi tí wọ́n fààlà sí fún èyí tí kò gba àṣẹ pàtàkì.

Ọjọ́ 13 oṣù keje, nígbà tí àpótí ti wà ní títò ní pálọ̀, Awùjalẹ̀, Ọba Sikiru Adétọ̀nà, wàjà lẹ́ni ọdún 91. Láti 1960 ló ti wà lórí ìtẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Màmá nígbà náà. Kò mọ ọba mìíràn. Ẹbí jókòó lórí fóònù títí di òru, a sì fẹnu kò pé kò ní sí ẹgbẹ́ olórin. Ìdúpẹ́ àti oúnjẹ nínú àgbàlá ilé ni. Ohun tó gbà wá lọ́wọ́ òfò ni gbólóhùn kan tí Bàbá Ìbejì ní kí wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn olórin àti ti oníkánópì: pé bí nǹkan bá yí padà kí ó tó ku ọ̀sẹ̀ méjì, ìdajì owó àsansílẹ̀ á padà. Ẹ má fowó lélẹ̀ láìsí gbólóhùn yẹn.

Ìrẹsì wá kù. Àpò kg 50 kan á bọ́ èèyàn 250 dáadáa, bí móínmóín àti ẹran bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A ka èèyàn 400, a sì se àpò méjì, torí ẹni tí a kò pè náà á jẹun. Ẹ má se ju kg 25 lọ nínú ìkòkò kan lórí iná igi. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí á ti jó kí ooru tó dé òkè. Fún kg 25, ẹ lo òróró lítà 5, àti ata lítà 12 tí ẹ ti lọ̀ tí ẹ sì ti sè títí omi rẹ̀ fi gbẹ. Nínú ata náà, kí tàtàṣé kó ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá, tòmátì ìdá mẹ́ta, kí rodo àti àlùbọ́sà pín èyí tó kù. Tàtàṣé ló ń jẹ́ kí ìrẹsì àríyá pọ́n. Bí tòmátì bá pọ̀ jù, á kan.

Àlùbọ́sà ni kó kọ́kọ́ wọ òróró, lẹ́yìn náà tòmátì inú agolo, kí ẹ dín in títí á fi ṣú díẹ̀, kí ata tó tẹ̀ lé e. Ẹ má kúrò nídìí rẹ̀ títí òróró á fi léfòó. Ó máa ń tó ogójì ìṣẹ́jú. Ata tí òróró rẹ̀ kò tíì léfòó ló ń mú kí ìrẹsì tètè bà jẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ wá da omi ẹran sí i, kọ́rì, táìmù, iyọ̀, kí ẹ tọ́ ọ wò: kí iyọ̀ rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀, torí ìrẹsì á mu ún. Kí ìrẹsì tí ẹ ti bọ̀ fún ìṣẹ́jú 10, tí ẹ sì ti fọ̀ títí omi rẹ̀ fi mọ́, wọlé. Kí omi bá ìrẹsì dọ́gba, kó má bò ó. Ẹ fi fọ́ìlì bo ojú rẹ̀ kí ẹ tó dé e. Tí omi bá ti lọ sílẹ̀, ẹ fa igi jáde, kó ku ẹyin iná nìkan. Ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì péré, láti ìsàlẹ̀ wá sókè.

Ìkòkò kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ jó, igi ló fà á. Ọjọ́bọ̀ la ra igi, òjò sì ń rọ̀ nílùú. Igi tútù kọ́kọ́ ń fi iná gbẹ ara rẹ̀, nítorí náà ìkòkò kì í hó, olùsè á sì máa kó igi mìíràn kún un. Tí gbogbo rẹ̀ bá wá gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí ìkòkò gbiná. Ẹ ra igi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ẹ là á, ẹ tò ó sórí búlọ́ọ̀kù, kí ẹ fi tapọ́línì bo òkè nìkan kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Bí ó bá ti jó, ẹ má rò ó mọ́. Ẹ bu ti òkè sínú ìkòkò mìíràn, kí ẹ fi nǹkan bí ìka mẹ́ta sílẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹ gé àlùbọ́sà tútù lé èyí tí ẹ bù, kí ẹ dé e. Bẹ́ẹ̀ la ṣe yọ tiwa, kò sì sí àlejò tó mọ̀.

Jẹnẹrétọ̀ náà kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lálẹ́ Jímọ̀. Epo bẹntiróò tó ti wà nínú rẹ̀ láti oṣù púpọ̀ ti di ohun tó ń lẹ̀ bí oje igi nínú kábúrétọ̀. Mẹkáníìkì tú u, ó fi bẹntiróò tuntun fọ̀ ọ́, ó fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ la ihò rẹ̀, ó dá. Kí a tó padà, a ti kọ́ọ̀kù epo tó wà lábẹ́ táǹkì, a jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí tó fi kú fúnra rẹ̀, kí epo kankan má bàa kù nínú kábúrétọ̀.

Nílé wa níbí, bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, ò ṣiṣẹ́ nígbà tí òtútù àkọ́kọ́ dé. Aago tó ń fi agbára omi inú rẹ̀ hàn wà lábẹ́ báà 1. Àárín 1 sí 1.5 ló yẹ kó wà nígbà tó bá tutù. A ṣí kọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ díẹ̀ títí ó fi dé 1.3, a tì í pa, iná sì tàn.

Ohun tó kàn ní 2026 ni kí Màmá wá sọ́dọ̀ wa. Ọdọọdún ni Bàbá máa ń sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀, àwa náà á sì ní kò burú.

Físà ìbẹ̀wò UK kò ṣeé béèrè ju oṣù mẹ́ta lọ ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò, ó sì ń fúnni láyè tó oṣù mẹ́fà. Oṣù kẹrin la fẹ́ kó dé, nítorí náà oṣù kìíní la máa fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́: ìwé báǹkì oṣù mẹ́fà, lẹ́tà wa, ìwé ilé rẹ̀, ìwé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìka ni ìṣòro, torí ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń gba ìtẹ̀ka fún físà. Ogójì ọdún ni Màmá fi yan gàrí, ìlà ìka rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, ẹ̀rọ sì máa ń kọ irú ìka bẹ́ẹ̀, pàápàá tó bá gbẹ. Kí wọ́n fi nǹkan pa á fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú kí awọ rẹ̀ lè rọ̀, kó sì má fọwọ́ kan ọṣẹ líle. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí ló ti ń fi òrí pa á lálaalẹ́. Lẹ́yìn ìṣọ́ ìrọ̀lẹ́ á pè wá lórí fóònù, á gbé ọwọ́ méjèèjì sí ojú kámẹ́rà, àwọn ìbejì á sì máa ka ìka náà fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.