Ọkọ̀ mi kúnlẹ̀, gàràǹtí mi dúró ń wò ó

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, ọyẹ́ mú gan-an. Mo jáde kí n lọ sítáàtì mọ́tò, kó máa gbóná díẹ̀ kí n tó forí lé ọjà Wàǹdó ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin, àfi bí mo ṣe rí i pé ó ti kúnlẹ̀. Ẹ̀yìn ọwọ́ òsì ti wọlẹ̀ débi pé ìka mi kan ṣoṣo ló lè wọ àárín táyà àti irin tó bò ó. Iwájú gbé sókè bíi ràkúnmí tí wọ́n fẹ́ sọ ẹrù rẹ̀. Ọmọ aládùúgbò wa kan tó ń lọ sílé kéwú dúró wò ó, ó ní, "Alájà, mọ́tò yín ń kírun." Mo rẹ́rìn-ín. N kò tíì mọ iye tí ìrun náà máa ná mi.

Mercedes ML 350 ti ọdún 2012 ni mọ́tò yìí, èyí tó ń lo èsáǹsì. Ọ̀kan nínú àwọn pápá tí wọ́n ti ń ta mọ́tò tó bá ọkọ̀ òkun dé, lójú ọ̀nà tó ti Àjàṣẹ́ lọ Kútọ̀nú, ni mo ti rà á. Aṣọ ni mo ń tà, ohun tí mo mọ̀ nípa mọ́tò kò ju pé ó ń dán tàbí kò dán lọ, ẹni tó tà á fún mi sì tètè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a dúnàá-dúrà tán, ó tún mú ìwé mìíràn jáde: gàràǹtí ọdún kan, ìyẹn àdéhùn pé bí mọ́tò bá bàjẹ́ láàárín ọdún náà, àwọn ni yóò san owó àtúnṣe, 420,000 sẹ́fà, owó ilẹ̀ wa. Ìwé náà nípọn, ó ń kọ mànà, òǹtẹ̀ aláwọ̀ wúrà wà lórí rẹ̀. Èmi tí mo máa ń fọwọ́ ra áńkárá, tí mo máa ń tú etí rẹ̀ wò kí n ka ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ kí n tó gbà pé òjúlówó ni! N kò tú etí ìwé yẹn wò rárá. Mo sanwó, mo kì í sínú báàgì, mo wakọ̀ lọ sílé bí ìyàwó tuntun.

Ọ̀gá mẹkáníìkì mi, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lọ́nà Àjárá, ló wá wò ó lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. Ó gbé jáàkì sábẹ́ rẹ̀, ó po ọṣẹ ìfọṣọ mọ́mi nínú ike, ó wá fọ́n ọn sára àpò rọ́bà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ kí n wò ó. Kò pẹ́ tí ìfófòó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níbi tí rọ́bà náà ti ṣẹ́po, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni pé ẹja ń mí nísàlẹ̀ ọ̀sà. "Ibẹ̀ nìyẹn, Alájà."

Ó wá ṣàlàyé. Irú mọ́tò tèmi yìí, kì í ṣe irin sípíríìnì ló gbé e dúró, afẹ́fẹ́ ni. Ẹ̀rọ kékeré kan, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àwọn àpò rọ́bà náà. Bó bá ti fẹ́ ẹ kún, ó yẹ kó sinmi. Ṣùgbọ́n rọ́bà a máa gbó, a máa sán, afẹ́fẹ́ á wá máa jò díẹ̀díẹ̀, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kò sì ní í rójú sinmi mọ́. Á máa fẹ́, á máa fẹ́, títí yóò fi jóná. Tèmi ti jóná. Mo wá rántí pé ó ti tó oṣù kan tí mo ti ń gbọ́ ìró kan, hùùù, bí mo bá páàkì tán. Mo rò pé ẹ̀rọ amúlétutù ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí mọ́tò yín jẹ́ alafẹ́fẹ́, ẹ má fi ìró yẹn ṣe orin gbọ́.

Àpò rọ́bà kan, 260,000 sẹ́fà. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, 380,000. Owó iṣẹ́, 60,000. Mo ní kò burú, mo ní gàràǹtí.

Àwọn tó ni gàràǹtí ní kí n gbé mọ́tò lọ sí gáráàjì tí àwọn yàn ní Kútọ̀nú. Mọ́tò tí kò lè dìde! Mo san 50,000 fún ẹni tó fi ọkọ̀ ẹrù gbé e lọ, owó yẹn kò sì sí nínú ohun tí wọ́n máa dá padà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án wọ́n fèsì. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ wà nínú ohun tí gàràǹtí bò. Àpò rọ́bà kò sí níbẹ̀, torí ohun tó ń gbó fúnra rẹ̀ ni. Àti pé, nígbà tó jẹ́ pé àpò tí àwọn kò bò ló ba kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tí àwọn bò jẹ́, àwọn kò ní í san ìkankan.

Mo fi ọ̀rọ̀ lọ ọmọbìnrin mi tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ nótíà, ìwé àdéhùn ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ojú ìwé kẹfà ló ti rí i, lẹ́tà wínníwínní. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́ díẹ̀. "Màmá, wọn kò purọ́ fún yín o. Ó wà níbẹ̀." Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ká ní wọ́n purọ́ ni, ǹ bá rí ẹni bú.

Nígbà tí ọdún pé, wọ́n tún pè mí: gàràǹtí tuntun ti dé, èyí tó bo "gbogbo rẹ̀", 510,000. Lásìkò kan náà, ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní Lyon ní kí n ta ML, òun á fi mọ́tò tòun ránṣẹ́, gàràǹtí rẹ̀ ṣì ku ọdún kan ààbọ̀. Ìdí nìyí tí èmi àti ọmọbìnrin mi fi tẹ́ ẹní ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìrun Íṣáì, tí a kó àwọn ìwé náà sílẹ̀. Tìtorí alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí.

Ti Lyon kò gba àkókò. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ilẹ̀ Faransé àtàwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó yí i ká ni gàràǹtí náà ń ṣiṣẹ́ sí. Ọjọ́ tí mọ́tò bá wọ ọkọ̀ òkun, èbúté ni gàràǹtí máa dúró sí tí yóò máa juwọ́ sí i. Ọmọ mi ọkùnrin kò mọ̀. Ó ti tó ọdún kan tó ti ń sanwó rẹ̀.

(Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Houston rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo sọ fún un. Ó ní ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ ló máa ń pe èèyàn lórí fóònù pé gàràǹtí mọ́tò rẹ ti fẹ́ tán, títí kan ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́. Ìpè náà pọ̀ débi pé ní 2022, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù níbẹ̀ pàṣẹ pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù dínà rẹ̀.)

Ó ku ti "gbogbo rẹ̀". Ọmọbìnrin mi kọ́ mi ní ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Oríṣi ìwé gàràǹtí méjì ló wà. Ọ̀kan máa ń to orúkọ ohun tí ó bò, ohun tí o kò bá rí níbẹ̀, ti ara rẹ ni. Èkejì máa ń to ohun tí kò bò, ohun tí kò bá sí níbẹ̀, tiwọn ni. Èkejì yìí ló dáa fún mọ́tò olówó ńlá, torí ohun tó wà nínú wọn pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè tò tán. A wo ti "gbogbo rẹ̀". Irú àkọ́kọ́ náà ni. Wọ́n kàn fi kún orúkọ tí wọ́n tò ni.

Àpò rọ́bà wà níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí ṣá. Inú mi ti fẹ́ dùn, ni ọmọ mi bá mú bírò. Mọ́tò tó bá ti lé ní 120,000 kìlómítà, ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó ohun èlò ni wọ́n máa san; tèmi ti wọ 156,000. Wọn kò ní í san owó iṣẹ́. Èmi ni n ó sì kọ́kọ́ yọ 75,000 lápò fún àtúnṣe kọ̀ọ̀kan. Ó ní ká fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn dán an wò. Ohun èlò jẹ́ 640,000. Ìdá ọgọ́ta rẹ̀ jẹ́ 384,000. Yọ 75,000 kúrò, ó ku 309,000. Mo máa san 510,000 kí wọ́n lè fún mi ní 309,000, bí inú wọn bá sì dùn ni o.

Mo ní ká ka ìyókù. Ó di dandan kí n ní ìwé tí wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pààrọ̀ ọ́ìlì. Ọ̀gá mi ọ̀nà Àjárá kò ní òǹtẹ̀. Àtàǹpàkò tó kún fún gíríìsì ló ní. Oṣù méjì àkọ́kọ́, n kò gbọdọ̀ béèrè ohunkóhun. Wọn kò sì ní í tún ohun tí èsáǹsì tí kò dára bá bàjẹ́ ṣe, àfi kí n kó rìsíìtì ilé epo wá. Ní Àjàṣẹ́ wa yìí, tí ìgò kpayò, èsáǹsì fàyàwọ́ láti Nàìjíríà, tò lọ rẹrẹẹrẹ létí títì! Kpayò ti wọ́n láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọwọ́ ìrànwọ́ orí epo ní 2023, síbẹ̀ ó ṣì wà ní gbogbo kọ̀rọ̀. Mọ́tò mi kì í mu ún, mo lè búra. Ṣùgbọ́n ta ló ń tọ́jú rìsíìtì?

Ìbéèrè ìkẹyìn tí ọmọ mi bi wọ́n lórí fóònù ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó ní, "Ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò wo ló wà lẹ́yìn ìwé yìí?" Òfin kan náà, CIMA, tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Yaoundé ní 1992, ló ń darí iṣẹ́ ìbánigbófò ní Benin àti orílẹ̀-èdè mẹ́tàlá mìíràn, ilé-iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kó tó lè máa gba owó irú rẹ̀. Bí ẹni tó tà á fún mi bá kógbá wọlé lọ́la, ta ni n ó lọ bá? Ọkùnrin náà ní òun máa pè padà. Ó ti di oṣù mẹ́jọ.

Mo wá lọ bá alájọ wa ní Wàǹdó, mo ní kó ṣí káàdì mìíràn fún mi, kó kọ "Mọ́tò" sórí rẹ̀. 1,500 lójúmọ́. Ilà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lórí káàdì, ilà kan jẹ́ tirẹ̀, ọgbọ̀n jẹ́ tèmi. Owó iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ọmọdé mọ̀ ọ́n, kò sí lójú ìwé kẹfà. Káàdì kan jẹ́ 45,000. Méjìlá jẹ́ 540,000. Nígbà tí mo kó mẹ́fà, 270,000, mo fi pààrọ̀ àpò rọ́bà ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún kó tó di pé òun náà kírun, torí ọ̀gá ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì.

N kò sọ pé kí gbogbo yín ṣe bíi tèmi. Ọkọ ọmọ mi ra mọ́tò tuntun, àwọn tó ṣe mọ́tò náà gan-an ló na gàràǹtí rẹ̀ síwájú fún un, gáráàjì wọn sì wà ní Kútọ̀nú níbí. Mo ní kó gbà á kíákíá. Bí tèmi náà bá sì jẹ́ pé gíà ló kú lóṣù kejì, kí ni 90,000 káàdì méjì fẹ́ ṣe? Mo mọ̀. Mo máa ń rò ó.

Alájọ dé sí ìsọ̀ mi láàárọ̀ àná lórí zémì, ọ̀kadà tiwa níbí. "Alájà, ẹ kú ọjà o. Mọ́tò ńkọ́?" Mo ní ó ń dúró. Mo fún un ní 1,500, ó fa ilà. Nígbà tí mo ń padà sílé nírọ̀lẹ́, gíà ta mí pẹ́nrẹ́n bó ṣe ń ti ìkejì bọ́ sí ìkẹta. Mo pa rédíò kí n lè gbọ́ ọ dáadáa.