"Alcove" àti àlùbọ́sà: ẹ̀kọ́ tí mo fi ojú ara mi kọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ó pé ọdún 15 lóṣù yìí tí mo ti ń jẹun nídìí iṣẹ́ títúmọ̀ èdè, ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀. Ẹ̀kọ́ méje ni mo kọ sílẹ̀ fún yín. Àkọ́kọ́: tẹ́ ẹ bá ń wá orísun ọ̀rọ̀, ẹ má gé e bí ẹni gé iṣu, kẹ́ ẹ wá máa fún ègé kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ tó wù yín. Èkejì... ẹ jẹ́ ká ṣì dúró níbi àkọ́kọ́ ná, ibẹ̀ lojú ti tì mí.

Ọdún tí mo lò kẹ́yìn ní yunifásítì, wọ́n ní kí kálukú mú ọ̀rọ̀ kan, kó sọ ìtàn ẹ̀ níwájú kíláàsì. Mo mú "alcove", ìyẹn ibi tí ògiri yàrá ti wọnú lọ, tó ṣe kọ̀rọ̀, téèyàn lè tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí. Kì í ṣe ihò ara ògiri tí màmá àgbà ń gbé àtùpà sí o, ìyẹn kéré. Mo yàwòrán etí òkun sí bọ́ọ̀dù, mo ní ṣé ẹ rí i, "cove" ni ibi tí omi ti jẹ ilẹ̀ wọlé, ògiri náà ni wọ́n jẹ wọlé báyìí, "al" tó ṣáájú ẹ̀, mo ní Látìn ni. Mo tún fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sí i nídìí, ẹ̀ẹ̀mejì.

Ọ̀gá wa ò bínú. Wọ́n kàn bi mí pé kí ni mo fi se ọbẹ̀ lánàá. Mo ní ata, tòmátì, àlùbọ́sà. Wọ́n ní kí n kọ àlùbọ́sà sábẹ́ alcove, kí n kọ àlùbáríkà tẹ̀ lé e, àlàáfíà, àlùwàlá. Àwọn Mùsùlùmí tó jókòó lẹ́yìn ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Lárúbáwá ni! Al-qubba, òrùlé tó rí rìbìtì bíi ti mọ́ṣáláṣí, "al" yẹn ò ju "náà" lọ. Àwọn Mùsùlùmí wọ Sípéènì ní 711, ìjọba wọn tó kẹ́yìn, ti Granada, ò ṣubú títí di 1492, àwọn ará ibẹ̀ wá sọ ọ̀rọ̀ yẹn di alcoba, ó kúrò ní òrùlé ó di yàrá abẹ́ ẹ̀, dòní yàrá ìbùsùn ni lọ́dọ̀ wọn, kódà ìrọ̀rí orí bẹ́ẹ̀dì, almohada, Lárúbáwá náà ni. Faransé gbà á, ó di alcôve, ọwọ́ wọn ni Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á. Àlùbọ́sà tiwa, Hausa ló gbé e dé, albasa. "Cove" ò sí níbẹ̀ rárá, Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni tiẹ̀, cofa, yàrá kékeré lòun náà, ẹ ò rí nǹkan tó tàn mí!

Mo gba C.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá ọ̀kan nínú yín sáré wá bá mi, ó ní òun ti rí i pé alùpùpù náà, Lárúbáwá ni. Àbúrò, ìró ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà ni, pùpùpù!

Ẹ̀kọ́ mẹ́fà tó kù di ọjọ́ míì. Ẹni tó rẹ́rìn-ín jù lọ́jọ́ yẹn ti di ọ̀gá ní báńkì, a pàdé níbi ìnáwó kan lọ́dún tó kọjá, ó na mááìkì sí mi níwájú ìyàwó mi, ó ní kí Àlùkóòfù wá gbàdúrà ìparí.