Iyùn Ọrùn Màmá

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Gwarinpa, Àbújá

Ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi la lọ lónìí. Kí a tó jáde, Màmá pè mí kí n wá bá wọn so iyùn mọ́rùn. Láti kékeré ni mo ti ń bá wọn so ó, ṣùgbọ́n lónìí mo kàn dì í mú lọ́wọ́, n kò lè so ó. "Ṣé ó já ni?" Mo ní, "Rárá, Màmá, kò já."

Cozumel, erékùṣù kan ní Mẹ́síkò, ló sọ sí mi lọ́kàn. Ó ti pé oṣù méjì tí mo ti dé láti ọ̀dọ̀ àbúrò mi ní Houston, n kò sì tíì kọ ohunkóhun nípa ọjọ́ yẹn.

Galveston, ìlú èbúté kan nítòsí Houston, la ti wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá kan. Oúnjẹ pọ̀ níbẹ̀, ariwo náà pọ̀, kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ ju ìyẹn lọ. Nígbà tí a gúnlẹ̀ sí Cozumel, ọkọ̀ kékeré gbé wa lọ síbi àpáta iyùn. Apá kan ni lára àpáta iyùn tó lọ títí, bí 1,000 kìlómítà, láti Mẹ́síkò dé Honduras. Ẹni tó mú wa lọ kìlọ̀ fún wa: a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, a kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Omi Jabi ní Àbújá ni mo mọ̀ ní tèmi. Bí èèyàn bá wo inú rẹ̀, ojú ara rẹ̀ ló máa rí. Èyí mọ́ débi pé ẹ̀rù bà mí, àfi bí ẹni pé mo dúró lórí òrùlé ilé gíga. Mo ki orí bọ omi. Iyùn kan rí bí ìwo àgbọ̀nrín, òmíràn bí abẹ̀bẹ̀ tí omi ń fì síwá-sẹ́yìn. Ẹja kan tí ẹnu rẹ̀ dà bí ti odídẹrẹ́ ń gé àpáta náà jẹ, mo sì ń gbọ́ ọ lábẹ́ omi bí ẹni ń jẹ kókóró!

Ẹni tó mú wa lọ ní ẹranko ni àwọn iyùn náà, wọ́n kéré gan-an, ilé ẹfun tí wọ́n kọ́ ni a ń pè ní àpáta. Bí èyí bá kú, òmíràn á kọ́ tirẹ̀ lé e. Ewédò tín-tìn-tín tó ń gbé inú ara wọn ló ń fi oòrùn wá oúnjẹ fún wọn, òun ló sì ń fún wọn ní àwọ̀. Bí òkun bá gbóná jù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn á lé ewédò náà jáde, wọn á funfun. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn onímọ̀ kéde pé èyí ń ṣẹlẹ̀ káàkiri àgbáyé fún ìgbà kẹrin. Mo rí ọ̀kan tó ti funfun báyìí. Kò tíì kú, ebi ló ń pa á. Mo sunkún nínú ìgò ojú mi.

Mo tún ronú nípa Odò Ọya, tí a máa ń gba orí afárá rẹ̀ kọjá nítòsí Lọ́kọ́ja bí a bá ń lọ sílé. Ẹrẹ̀ tó ń gbé lọ sínú òkun wà lára ohun tí kò jẹ́ kí irú àpáta bẹ́ẹ̀ hù létí òkun tiwa. Omi tó mọ́, tí oòrùn wọlé sí, ni wọ́n ń fẹ́.

Iyùn pupa ti Màmá kò ti irú àpáta bẹ́ẹ̀ wá. Inú òkùnkùn ìsàlẹ̀ òkun Mẹditaréníà ni irú rẹ̀ ń gbé, kì í sì í fi mílímítà 1 sanra láàárín ọdún kan. Èyí tó wà láàárín ẹ̀gbà ọrùn náà tóbi tó ìka ọmọńdinrín mi. Ọwọ́ ìyá wọn ló ti dé ọwọ́ wọn.

Nígbà tí a dé láti òde ìgbéyàwó, bí mo ṣe ń tú u, mo sọ fún wọn pé ohun abẹ̀mí ni iyùn yìí tẹ́lẹ̀, pé ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ la so mọ́rùn.

Màmá dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní, "Ta ló wá lé e jáde nílé rẹ̀?"

N kò rí ohun kan sọ. Wọ́n fi etí ìborùn wọn nu ẹyọ iyùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n rọra wé e sínú aṣọ funfun, wọ́n sì ní kí n bá wọn gbé agolo tí wọ́n ń kó o sí kúrò níbi tí oòrùn máa ń ta sí.