Ta ló mọ Àlàbí?

Ọjọ́ Ẹtì, lálẹ́

Lónìí ni mo pa orúkọ ọkùnrin yẹn rẹ́ tán nínú ìwé mi. Dókítà ni tẹ́lẹ̀, ará Seoul. Inú eré Kòríà kan ni mo ti mú un, láti ìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì ni mo sì ti ń kọ fanfiction nípa rẹ̀, ìyẹn ìtàn tuntun nípa ẹni tí àwọn èèyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, sórí Wattpad, ìkànnì tí a ti ń gbé ìtàn jáde fún òǹkàwé. Mo fẹ́ kí ìtàn náà di ìwé tèmi pátápátá, nítorí náà Àlàbí ló ń jẹ́ báyìí. Aṣọ òkè ló ń tà ní Ọjà Òjé, n'Ìbàdàn. Bó bá fọwọ́ kan sányán nínú òkùnkùn, ó mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ẹtù.

Ti orúkọ kò le, kọ̀ǹpútà ló bá mi pààrọ̀ rẹ̀. Ojú ìwé kejì ni iṣẹ́ wà, níbi tí mo ti kọ ọ́ pé, "Ó rẹ́rìn-ín." Nígbà yẹn, gbólóhùn kékeré yìí mú kí àwọn òǹkàwé mi fò sókè. Wọ́n ti wo eré náà dópin, wọ́n mọ̀ pé dókítà yẹn kì í rẹ́rìn-ín, wọ́n sì mọ ẹni tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀rín kan ṣoṣo ti tó wọn. Ṣùgbọ́n ta ló mọ Àlàbí? Bó bá rẹ́rìn-ín lójú ìwé kejì, ọlọ́jà tó ń rẹ́rìn-ín sí oníbàárà ni.

Ohun tí a ń yá gan-an nínú fanfiction nìyí: ìfẹ́ tí òǹkàwé ti ní sí ẹnìkan kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Anna Todd, ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ìtàn After lórí Wattpad ní 2013, Harry Styles ti ẹgbẹ́ olórin One Direction ló sì fi ṣe ọkùnrin inú rẹ̀. Nígbà tí ìwé náà jáde ní títẹ̀ ní 2014, Harry ti di Hardin. Ti Naomi Novik, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà mìíràn, yàtọ̀. Ayé tuntun ló jókòó dá, ogun ìgbà Napoleon tí wọ́n ń fi dírágónì jà, ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní 2006. Síbẹ̀ kò kẹ̀yìn sí fanfiction. Ó wà lára àwọn tó dá àjọ tó ni Archive of Our Own, ìkànnì fanfiction, sílẹ̀. Ọ̀nà tirẹ̀ ló wù mí jù.

Wọ́n máa ń sọ ọ́ bíi pé olè ni gbogbo wa. Mi ò gbà. Lẹ́yìn tí Fágúnwà gbé ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1938, àwọn bí Ògúndélé àti Fátànmí náà mú akọni tiwọn rin ìrìn àjò ẹlẹ́rù. Ẹni tó bá ti ka Fágúnwà á mọ ojú ọ̀nà náà, inú rẹ̀ á sì dùn pé òun tún bá a pàdé.

Ìdákẹ́jẹ́ ló ń ṣe mí jù. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá gbé apá kan jáde lálẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n á ti kọ̀wé sí mi: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á o!" Mo ń mọ ibi tí ìtàn ti gbóná àti ibi tó ti ń sú wọn. Ní báyìí, èmi nìkan ni. Ọ̀rọ̀ owó ìtẹ̀wé àti ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé tí a ń gbà lọ́wọ́ National Library, ṣì wà níwájú, OkadaBooks, ìkànnì ìtàwé tí ọ̀pọ̀ wa ń wojú rẹ̀, sì ti kógbá sílé ní 2023.

Mo ti gbé ẹ̀rín Àlàbí lọ sí orí keje. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí mo kọ ibi tí ìyá ìyàwó kan ti ń ná àlàárì, tó ń dá àpárá, tí gbogbo ìsọ̀ ń rẹ́rìn-ín, tí Àlàbí sì ń ka aṣọ lọ ní tirẹ̀. Lọ́la, màá fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní orí mẹ́ta àkọ́kọ́. Wọn ò wo eré Kòríà rí láyé wọn. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má wojú mi: ibi tí Àlàbí bá ti sú wọn, kí wọ́n fi bírò fàlà síbẹ̀.