“Mo ní kó o palẹ̀ mọ́”

Nínú Micra láti Òjòó láàárọ̀, ìyá kan ń jágbe mọ́ ọmọ rẹ̀ lórí fóònù: “Mo ní kó o palẹ̀ mọ́, mi ò ní kó o kó ẹrù mi dànù!” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, títí kan dẹ́rẹ́bà. Mi ò mọ̀ pé èmi gan-an lọ̀rọ̀ ń bá wí.

Kò síná títí di aago mọ́kànlá. Mo jẹ ẹ̀wà. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí n palẹ̀ sáfà mọ́, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí a ń kó iṣẹ́ wa sí.

Ohun tí mo fẹ́ tẹ̀ ni rm -rf atijo* (rm ni àṣẹ tó ń pa nǹkan rẹ́), kí gbogbo fódà tí orúkọ rẹ̀ fi atijo bẹ̀rẹ̀ lè lọ. Àtàǹpàkò mi kan spacebar, ó di rm -rf atijo *. Ìràwọ̀ tó bá dá dúró, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló ń pè. Kò bi mí ní nǹkan kan. Èmi náà kúkú ni mo fi f sí i kó má baà bi mí. Mo tẹ ls, àṣẹ tó ń to orúkọ ohun tó wà níbẹ̀, ó dákẹ́. Mo tún un tẹ̀, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti kó kúrò.

Ẹ̀gbọ́n tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ò pariwo. Ó kàn ní, “Ṣé o wo ohun tó o fẹ́ pa kó o tó pa á?” Ìbá sàn kó pariwo.

Ní Pixar, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù, ní 1998, irú àṣẹ yìí ló fẹ́ gbé fíìmù Toy Story 2 lọ. Ẹ̀dà tó wà nílé òṣìṣẹ́ kan tó bímọ ló kó wọn yọ. Ẹ̀dà ọjọ́ Ẹtì ló yọ èmi. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ti lọ ṣá.

Ẹ̀rọ ni mo kọ́kọ́ ń bínú sí. Ṣùgbọ́n rmdir wà níbẹ̀, tí kì í gba kí n pa fódà tí nǹkan ṣì wà nínú rẹ̀, èmi ni mo ń pè é ní aláìwúlò. Àṣẹ rm -I náà wà, tó máa béèrè lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ kì í tètè pa nǹkan: á kọ́kọ́ fi ls atijo* wo orúkọ wọn, á wá fi mv kó wọn sínú fódà kan tó ń pè ní ààtàn, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Èmi, ojú ẹsẹ̀ ni mo ń fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Bí mo ṣe ṣe yàrá Bàbá náà nìyẹn, àbí… Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n. Màmá ò tíì sọ nǹkan kan nípa fìlà Bàbá tó bá a lọ títí dòní.

Sáńgo ni ìyá yẹn ti sọ̀ kalẹ̀, fóònù ṣì wà létí rẹ̀. Mi ò gbọ́ ohun tí ọmọ náà fèsì.