Kí ló tiẹ̀ ń rò?

Ọkàn mi kò lélẹ̀ lónìí, ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Àìsàn ìsoríkọ́ (depression) ló ń bá àbúrò mi fínra.

Nígbà tí Màmá Kékeré ń wọ bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà láti máa lọ, wọ́n rò pé mo ti padà wọlé. Wọ́n sọ nípa àbúrò mi fún ẹni tó sìn wọ́n wá pé: "Ó níṣẹ́ lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó lé e nílé, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Kí ló tiẹ̀ ń rò?" Wọn ò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ká ní ẹni tí kò fẹ́ràn wa ló sọ ọ́ ni, ǹ bá ti gbàgbé ẹ̀.

Mo jáde, mo wọlé, mo fọ aṣọ, mo dá àwọn tó pè lóhùn. Kí ló tiẹ̀ ń rò? Ó ń tẹ̀ lé mi kiri.

Àbúrò mi wẹ̀ lónìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ bí ìyẹn ṣe tó. Ó wẹ̀ tán, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó de bọ́tìnnì àkọ́kọ́, ó de ìkejì, ó wá dúró. Ìka rẹ̀ wà lórí ìkẹta, kò tì í bọnú ihò rẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀. Mo ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà yàrá. Ojú rẹ̀ kò jọ ojú ẹni tó ń ro nǹkan kan rárá. Ojú ẹni tó rẹ̀ ni, àárẹ̀ tí oorun kò lè mú kúrò. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dè é." Mo bá a dè é. A ò sọ nǹkan kan sí i.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fún un ní ìwé kan tí ìbéèrè 9 wà nínú ẹ̀, ọ̀sẹ̀ 2 tó kọjá ni gbogbo ẹ̀ dá lé. Ṣé nǹkan tó o máa ń gbádùn ṣì ń wù ọ́ ṣe? Ṣé inú rẹ bàjẹ́, ṣé o ò nírètí mọ́? Oorun ńkọ́? Okun ńkọ́? Ṣé oúnjẹ kì í wù ọ́ ni, àbí ò ń jẹ àjẹjù? Ṣé o máa ń rí ara rẹ bí ẹni tó ti já àwọn ará ilé rẹ̀ kulẹ̀? Ṣé o lè fọkàn sí ohun tó ò ń kà? Ṣé ìrìn rẹ àti ọ̀rọ̀ rẹ ti falẹ̀ débi táwọn ẹlòmíì fi ń rí i, tàbí ara rẹ kì í balẹ̀? Ọ̀rọ̀ ikú ló kẹ́yìn. Mo ka ìwé náà lákàtúnkà. Kò síbi tí wọ́n ti bi í pé kí lo ń rò. Kò síbi tí wọ́n ti bi í pé kí lo kò ní.

Síbẹ̀, èmi náà fẹ́ mọ̀ ọ́n. Kí n má purọ́. Ikú èèyàn ẹni lè fà á, ìbímọ lè fà á, àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ lè fà á, ó sì lè wà nínú ẹbí. Wọ́n tiẹ̀ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, torí bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó lára tàbí tí táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà lọ́rùn, kò ṣiṣẹ́ dáadáa, ó lè fara jọ ọ́. Wọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó kàn dé náà ni. Tó bá jẹ́ pé gbèsè ló ń rò ni, à bá dáwó. Tó bá jẹ́ ìjà ni, ǹ bá ti lọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó bá kàn. Bóyá ohun tí Màmá Kékeré náà ń wá nìyẹn, nǹkan tí ọwọ́ àwọn lè tó. Mo lè ní kí wọ́n wá jókòó tì í lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Kí wọ́n má béèrè nǹkan kan, kí wọ́n ṣáà jókòó. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, ọ̀dọ̀ wọn la sá sí nígbà tí Màmá wa kú.

Lọ́sàn-án, inú bí mi sí òun fúnra ẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é títí, fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń wò ó. Mo fẹ́ pariwo. Mi ò pariwo. Mo lọ dúró níta títí inú mi fi rọ̀, mo wá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ náà pé kó má jẹ́ kó sú òun, kó tún pè lọ́la.

Gbogbo èèyàn ń ní kó mọ́kàn. Ọkàn ọ̀hún gan-an ni kò yá.

Òògùn rẹ̀ kì í kánjú. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kí èèyàn tó rí ìyàtọ̀, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kó tó ṣiṣẹ́ dójú ẹ̀. Oorun àti oúnjẹ ló sábà máa ń kọ́kọ́ padà. Bí ara bá tiẹ̀ wá yá, wọ́n ní kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, pé ó ṣì máa lò ó fún nǹkan bí oṣù 6 ó kéré tán. Ó ti ń sùn sí i báyìí. Ìyẹn ń múnú mi dùn, ó sì ń bà mí lẹ́rù, torí okun lè padà sára kí ọkàn tó fúyẹ́, àsìkò yẹn gan-an ni èèyàn kò gbọdọ̀ gbójú kúrò. Ìdí nìyẹn tí òògùn fi wà lọ́wọ́ mi, tí mò ń fún un ní ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Mo sì bi í lálẹ́ yìí, láì fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: "Ṣé ó wá sí ẹ lọ́kàn lónìí pé kó o pa ara ẹ?" Ẹnu mi máa ń wúwo. Àwọn kan rò pé béèyàn bá béèrè, á ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i lọ́kàn ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti ń dá a gbé ló máa ń rí ẹni bá a gbé e. Ó ní, "Ó wá láàárọ̀. Ó ti lọ." Mo bi í bóyá ó ti ro bí òun ṣe máa ṣe é. Ó ní rárá. Ká ní ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ilé ìwòsàn la máa gbà lọ lóru yìí, mi ò sì ní fi í sílẹ̀ lóun nìkan.

Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé kò tíì sú yín?" Mo ní kò sú mi. Ó sú mi o, àmọ́ òun kọ́ ló sú mi. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ìyẹn fún un kó má gbọ́ ọ sódì...

Ẹ̀gbọ́n wa ló máa bá a lọ rí dókítà lọ́la. Mo ti kọ ohun tí wọ́n máa béèrè fún wọn: ẹnu rẹ̀ tó ń gbẹ látìgbà tó ti ń lo òògùn, bóyá àárọ̀ ló dáa kó máa lò ó àbí alẹ́, àti ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹni tí wọ́n jọ máa jókòó sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bá a dáhùn. Bó ti wù kó falẹ̀ tó, kí wọ́n jẹ́ kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́.